Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Tó Fọwọ́ Kan Ọmọ Wa

Ẹ jẹ́ kí á gbọ́ ọ̀rọ̀ ìyá kan àti ìyàwó ọmọ rẹ̀. Abúlé wọn kò jìnnà sí Àjàṣẹ́, ìlú tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo. Oyún ìyàwó náà ti pé oṣù mẹ́jọ. Ọkọ rẹ̀ fẹ́ kí ó lọ bímọ ní ilé ìwòsàn.

"Ìyàwó mi, mo gbọ́ pé àwọn ọmọ iléèwé ni ó kún ilé ìwòsàn náà," ni ìyá wí. "Ṣé ọmọ-ọmọ mi ni wọ́n fẹ́ fi kọ́ṣẹ́?"

"Ohun tí ó ń ba èmi náà lẹ́rù nìyẹn, ìyá mi," ni ìyàwó dáhùn.

Ẹ̀rù wọn kì í ṣe ẹ̀rù lásán. Bí ọmọ-ẹ̀kọ́ṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà bá ba igi jẹ́, ọ̀gá rẹ̀ yóò fún un ní igi mìíràn. Ọmọ ènìyàn kì í ṣe igi. Síbẹ̀, kò sí agbẹ̀bí tí ó mọṣẹ́ lónìí tí kò ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rí. Níbo wá ni ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ ti ṣe àṣìṣe rẹ̀ àkọ́kọ́? Ìdáhùn ìbéèrè yìí ni a fẹ́ bá yín sọ.

ÌṢẸ́JÚ KAN PÉRÉ

Nígbà tí a bá bí ọmọ, igbe rẹ̀ ni gbogbo ilé ń retí. Igbe náà ń fi hàn pé afẹ́fẹ́ ti wọ inú ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. Nínú 100 ọmọ tí a bí, nǹkan bí 90 ni yóò mí fúnra wọn. Nǹkan bí 10 ni yóò nílò ìrànlọ́wọ́. Bí agbẹ̀bí bá fi aṣọ gbígbẹ nu ara wọn, tí ó sì fi ọwọ́ ra wọ́n lẹ́yìn, púpọ̀ nínú àwọn 10 yìí ni yóò ké.

Ṣùgbọ́n àwọn díẹ̀ wà, bíi 3 sí 6 nínú 100, tí kò ní mí síbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí nílò àpò afẹ́fẹ́. Àpò kékeré kan ni, tí a ń fi ọwọ́ fún. Ó ní ìbòmú kékeré tí a ń gbé lé imú àti ẹnu ọmọ. Bí a bá ti fún àpò náà, afẹ́fẹ́ yóò wọ inú ọmọ, àyà rẹ̀ yóò sì gbéra sókè.

Kò gbọdọ̀ pẹ́. Àwọn olùkọ́ ń pe ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ lẹ́yìn ìbí ní "ìṣẹ́jú wúrà". Kí ìṣẹ́jú náà tó pé, ọmọ gbọ́dọ̀ ti mí fúnra rẹ̀, tàbí kí agbẹ̀bí ti bẹ̀rẹ̀ sí í fún àpò. Yóò máa fún un ní nǹkan bí ìgbà 40 ní ìṣẹ́jú kan.

Iṣẹ́ yìí rọrùn láti kà nínú ìwé, ṣùgbọ́n kò rọrùn láti ṣe. Bí ìbòmú kò bá jókòó dáadáa, afẹ́fẹ́ yóò gba ẹ̀gbẹ́ jáde. Bí orí ọmọ bá tẹ̀ síwájú jù, tàbí tí ó ká sẹ́yìn jù, ọ̀nà ọ̀fun yóò dí. Bí a bá fún àpò náà le jù, ẹ̀dọ̀fóró ọmọ lè fara pa. Àwọn àgbà ní: àìmọ̀-ọ́n-gún, àìmọ̀-ọ́n-tẹ̀ ni iyán ewùrà fi ń lẹ́mọ. Bí iyán bá lẹ́mọ, a ó gún òmíràn. Bí ọmọ kò bá mí, kò sí òmíràn.

ỌWỌ́ NI Ó Ń KỌ́ṢẸ́

Àwa tí a wà ní agbègbè Àjàṣẹ́ mọ Songhaï. Fádà Godfrey Nzamujo ni ó dá ibùdó náà sílẹ̀ ní 1985. Àwọn ọ̀dọ́ tí ó ń kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ níbẹ̀ kì í jókòó sí kíláàsì nìkan. Wọ́n ń lọ sí ibi ìsìn adìyẹ, ibi ìsìn ẹja àti oko. Ohun tí wọ́n bá fi ọwọ́ ara wọn ṣe ni ó ń yé wọn jù.

Bẹ́ẹ̀ náà ni iṣẹ́ ìlera rí. Ọwọ́ gbọ́dọ̀ kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n bí àgbẹ̀ bá ba ewébẹ̀ jẹ́, yóò tún òmíràn gbìn. Nítorí náà, àwọn olùkọ́ ìlera wá ohun kan tí kò ní ẹ̀mí, tí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi kọ́ṣẹ́. Ohun náà ni ọmọláńgidi.

Ọgbọ́n yìí kì í ṣe ti òní. Ní 1759, Ọba Louis kẹẹ̀ẹ́dógún ti ilẹ̀ Faransé fún agbẹ̀bí kan ní ìwé àṣẹ. Orúkọ rẹ̀ ni Madame du Coudray. Ọba ní kí ó máa lọ káàkiri láti kọ́ àwọn obìnrin ìgbèríko ní iṣẹ́ ìgbẹ̀bí. Púpọ̀ nínú wọn kò mọ̀wé. Kí ni ó ṣe? Ó fi aṣọ àti awọ rán ìbàdí obìnrin, ó sì rán ọmọ sínú rẹ̀. Orí rẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ti kọ́ bí a ṣe ń gba ọmọ.

Ní 1960, ọkùnrin kan ní Norway, Asmund Laerdal, tí ó ń ṣe ohun ìṣeré ọmọdé, ṣe ọmọláńgidi ńlá kan. Ara rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti ń kọ́ bí a ṣe ń fún ẹni tí kò mí mọ́ ní afẹ́fẹ́.

Ní 2010, ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ilẹ̀ Amẹ́ríkà àti àwọn alábàáṣe wọn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan fún àwọn agbẹ̀bí ní àwọn ilẹ̀ tí owó kò pọ̀ sí. Orúkọ rẹ̀ ni Helping Babies Breathe, èyí ni pé, ríran àwọn ọmọ lọ́wọ́ láti mí. Ilé iṣẹ́ tí Laerdal dá sílẹ̀ ni ó ṣe ọmọláńgidi rẹ̀.

Omi ni a ń rọ sínú ọmọláńgidi yìí kí ó lè wúwo bí ọmọ tuntun. Olùkọ́ di rọ́bà kékeré mú lọ́wọ́. Bí ó bá tẹ ọ̀kan, ọmọláńgidi yóò ké. Bí ó bá tẹ òmíràn, ìwọ́ rẹ̀ yóò máa sọ kúlúkúlú bí ìgbà tí ọkàn ń lù. Bí olùkọ́ kò bá tẹ nǹkan kan, ọmọ dákẹ́ nìyẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò nu ún, yóò ra á lẹ́yìn, yóò gbé ìbòmú sí i, yóò fún àpò. Bí ó bá ṣe é dáadáa, àyà ọmọláńgidi yóò gbéra. Bí kò bá ṣe é dáadáa, kò ní gbéra. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò tún ṣe é. Kò sí ìyá kankan tí yóò sunkún.

Òmíràn tún wà tí olùkọ́ ń so mọ́ ikùn ara rẹ̀ bí aláboyún. Omi pupa ń dà láti inú rẹ̀ bí ẹ̀jẹ̀. Ara rẹ̀ ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń kọ́ bí a ṣe ń dá ẹ̀jẹ̀ dúró lẹ́yìn ìbí.

ṢÉ Ó Ń GBA Ẹ̀MÍ LÀ?

Ní ilẹ̀ Tanzania, wọ́n fi ọmọláńgidi yìí kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní ilé ìwòsàn 8. Èsì rẹ̀ jáde ní 2013. Ikú àwọn ọmọ tí kò tíì pé ọjọ́ kan láyé dín kù ní nǹkan bí ìdajì.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí náà. Ní Haydom, ilé ìwòsàn ìgbèríko kan ní Tanzania kan náà, wọ́n kọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fún ọjọ́ kan péré. Lẹ́yìn oṣù méje, wọ́n ṣì ń ṣe dáadáa lórí ọmọláńgidi. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ gidi dé, iṣẹ́ wọn kò yàtọ̀ sí ti àtẹ̀yìnwá. Àwọn ọ̀gá kò jáwọ́. Wọ́n gbé ọmọláńgidi sínú ilé ìgbẹ̀bí gan-an. Àwọn òṣìṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fi í dánra wò fún ìṣẹ́jú díẹ̀, lemọ́lemọ́, láàárín iṣẹ́. Ìgbà náà ni ikú ọmọ dín kù. Díẹ̀ díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Lónìí, àwọn kan ń lo fóònù fún iṣẹ́ yìí. Wọ́n ń fi fóònù sínú awò ńlá kan tí a ń dè mọ́ ojú. Ẹni tí ó bá dè é yóò rí i bí ẹni pé ó wà nínú ilé ìgbẹ̀bí. Bí ó bá yí orí, yóò rí tábìlì, àpò afẹ́fẹ́ àti ọmọ tí kò mí. Yóò yan ohun tí ó yẹ kí ó ṣe. Láti 2018 sí 2020, wọ́n dán an wò pẹ̀lú nọ́ọ̀sì àti agbẹ̀bí 274 ní ilé ìwòsàn 20 ní Nàìjíríà àti Kenya. Àwọn kan lo awò, àwọn kan wo fídíò, àwọn yòókù lo ìwé orí fóònù nìkan. Gbogbo wọn sì kọ́ṣẹ́ lórí ọmọláńgidi. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ìyàtọ̀ àárín wọn kò tó nǹkan. Ọgbọ́n fífún àpò ti ń bọ́ lọ́wọ́ gbogbo wọn. Awò lè rán orí létí. Ṣùgbọ́n ọwọ́ tí kò bá ṣiṣẹ́ yóò gbàgbé.

Ní ilẹ̀ Benin tiwa, ilé ìwòsàn 4 wọ inú iṣẹ́ kan tí ó bẹ̀rẹ̀ ní 2020, tí wọ́n ń pè ní ALERT. Malawi, Tanzania àti Uganda náà wà nínú rẹ̀. Kíkọ́ àwọn agbẹ̀bí ní iṣẹ́ ọwọ́ jẹ́ apá kan rẹ̀. Apá mìíràn ni gbígbọ́ ohun tí àwọn ìyá àti ẹbí wọn ní í sọ. Èyí fi hàn pé ohùn tiwa náà ṣe pàtàkì.

OHUN TÍ ỌMỌLÁŃGIDI KÒ LÈ KỌ́NI

Ọmọláńgidi kì í bẹ̀rù. Kì í tijú. Kì í bèèrè ìbéèrè. Nítorí náà, nígbà tí akẹ́kọ̀ọ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ kan ènìyàn gidi, ọ̀gá rẹ̀ gbọ́dọ̀ dúró tì í. Ẹ ní ẹ̀tọ́ láti fi ọ̀wọ̀ bèèrè pé: "Ẹ jọ̀wọ́, ta ni ọ̀gá tí ó wà pẹ̀lú yín?" Kì í ṣe àfojúdi.

Bí ẹ bá wà nínú ìgbìmọ̀ tí ó ń bójú tó ilé ìwòsàn yín, ẹ bèèrè ohun mẹ́ta:

1. Ǹjẹ́ àpò afẹ́fẹ́ ọmọ tuntun àti ìbòmú kékeré wà, tí wọ́n mọ́, tí wọn kò sì ya?

2. Ǹjẹ́ ọmọláńgidi wà tí àwọn òṣìṣẹ́ fi ń dánra wò?

3. Ìgbà wo ni wọ́n dánra wò kẹ́yìn?

BÍ ỌMỌ BÁ DÉ LÓJIJÌ

Ẹ tọ́jú owó ọkọ̀ sílẹ̀ kí oṣù tó pé. Ẹ tọ́jú aṣọ méjì tí ó mọ́, tí ó sì gbẹ. Bí ọmọ bá dé lójú ọ̀nà, ẹ fi aṣọ kan nu gbogbo ara rẹ̀, ẹ sì ra á lẹ́yìn. Ẹ gbé e lé àyà ìyá rẹ̀, kí ara kan ara. Ẹ fi aṣọ kejì bò wọ́n. Ẹ máa lọ sí ilé ìwòsàn láìdúró.

Ẹ má ṣe gbé ọmọ ní ìdoríkodò. Ẹ má ṣe gbá a. Ẹ má ṣe da omi tútù sí i lára. Àwọn nǹkan wọ̀nyí kì í mú ọmọ mí. Wọ́n ń pa á lára, wọ́n sì ń jẹ ìṣẹ́jú wúrà rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí á padà sọ́dọ̀ ìyá àti ìyàwó. Nígbà tí ìyá gbọ́ gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ó dákẹ́ díẹ̀.

"Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ìyàwó mi, jẹ́ kí á lọ," ni ó wí. "Ṣùgbọ́n èmi fúnra mi yóò bèèrè ta ni ọ̀gá wọn."

"Ẹ ṣeun, ìyá mi," ni ìyàwó dáhùn. "Èmi yóò di aṣọ méjèèjì sínú ẹrù."

Ẹ JẸ́ KÍ Á JÍRÒRÒ

1. Kí ni ó ń ba àwọn ènìyàn abúlé yín lẹ́rù nípa ilé ìwòsàn?

2. Kí ni ìdí tí ẹ̀kọ́ ọjọ́ kan kò fi tó ní Haydom?

3. Iṣẹ́ wo ni ẹ̀yin fi ọwọ́ kọ́? Ta ni ó dúró tì yín nígbà tí ẹ kọ́kọ́ ṣe é?

4. Ta ni yóò lọ bèèrè ohun mẹ́ta náà ní ilé ìwòsàn yín, ní ọjọ́ wo?