Kí Ẹ Tó Gbin Eyín, Ẹ Wo Ilẹ̀ Ná

Ìyá kan láti Òfíkì, nílẹ̀ Òkè-Ògùn, fi ohùn ránṣẹ́ sí wa. Eyín inú méjì ti yọ lẹ́nu wọn. Ọmọ wọn tó wà lókè òkun fẹ́ fi owó ránṣẹ́ kí wọ́n lọ gbin òmíràn n'Ìbàdàn. Wọ́n ní, ṣé á bá àwọn dalẹ́?

Màmá, ó lè bá yín dalẹ́. Irin kékeré bíi bóòtù ni wọ́n máa ń rì sínú egungun àgbọ̀n, wọn á wá de eyín mọ́ ọn lórí. Titanium ni irin ọ̀hún. Oníṣègùn ọmọ Sweden kan, Per-Ingvar Brånemark, ló fi irú rẹ̀ sínú egungun ehoro fún ìwádìí mìíràn ní nǹkan bíi ọdún 1952. Nígbà tó fẹ́ yọ ọ́, egungun ti gbá a mú. Gösta Larsson lẹni àkọ́kọ́ tó gbin eyín fún, ní 1965. Nígbà tí ọkùnrin náà kú ní 2006, àwọn irin náà ṣì wà lẹ́nu rẹ̀, ó ṣì ń fi wọ́n jẹun.

Ṣùgbọ́n kí ló yọ ti tẹ́lẹ̀? Ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú owó nìyẹn. Bí eyín bá ń mì kó tó yọ, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde nídìí rẹ̀, àrùn ìdí eyín ni. Irin kì í jẹrà bí eyín, àmọ́ ìdọ̀tí tó bá dì mọ́ ìdí rẹ̀ lè mú kí ẹran ibẹ̀ wú, kí egungun sì máa yọ́ díẹ̀díẹ̀, nígbà míì láìdunni rárá. Ta ní í gbin iṣu sínú ebè tí ikán ṣì wà?

Ìtọ̀ ṣúgà náà ńkọ́? Màmá ní àwọn máa ń lo oògùn rẹ̀ "bí owó bá wà". Bí ṣúgà ò bá rọlẹ̀, egbò kì í tètè jinná, irin náà lè má dì mú. Sìgá náà ń bà á jẹ́. Egungun ibi tí eyín ti yọ sì máa ń rù, pàápàá lọ́dún àkọ́kọ́, nítorí náà dókítà gbọ́dọ̀ ya fọ́tò rẹ̀ kó tó dá owó lé e.

Lẹ́yìn tí wọ́n bá rì í, ó sábà máa ń tó oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà kó tó dì. Àyẹ̀wò àti fífọ̀ lọ́dọ̀ dókítà ò sì gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró títí ayé. Láti Òfíkì dé UCH n'Ìbàdàn, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kì í ṣe ìrìn kékeré. Kí ọmọ yín ṣírò owó ọkọ̀ yẹn mọ́ ọn.

Ẹ tún gba ìwé tí wọ́n kọ orúkọ àti ìwọ̀n irin náà sí. Ẹni tó gun ọ̀kadà mọ̀ pé páàtì Bajaj kì í wọ inú gbogbo máṣíìnì. Bẹ́ẹ̀ náà ni eyín yìí.

Àná ni Màmá tún fi ohùn ránṣẹ́: eyín iwájú kan ti ń mì. Mo ní kí wọ́n wọkọ̀ lọ́sẹ̀ yìí, kì í ṣe torí gbígbìn. Kí wọ́n fọ ìdí èyí tó kù ná, kí wọ́n yẹ ṣúgà wò, kí wọ́n fi eyín àtọwọ́dá tó ṣeé yọ lálẹ́ jẹun fúngbà díẹ̀. Owó ọmọ náà ò ní sá lọ.