Bí A Ṣe Ń Wẹ Ọmọ Ajá

Ọmọ ajá fẹ́ràn eré ilẹ̀. Ó ń yí nínú eruku, ó ń tẹ ẹrẹ̀, ó tún ń sùn sínú eérú ìdáná. Láìpẹ́, òórùn rẹ̀ á gba àgbàlá. Àwọn ọmọ ilé á ní: “Ẹ jẹ́ ká wẹ̀ ẹ́!”

Ó dára, ṣùgbọ́n ọmọ ọ̀sẹ̀ mélòó ni? Bí kò bá tíì pé ọ̀sẹ̀ 8, a kì í gbé e sínú omi. Ìyá rẹ̀ ló ń fi ahọ́n lá a mọ́. Bí ẹrẹ̀ bá kàn án lára, a ó fi aṣọ rírọ̀ tí a rẹ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ nù ún. Ìyẹn tó.

Òtútù ni ọ̀tá ọmọ ajá. Ooru ara ènìyàn jẹ́ nǹkan bíi 37°C. Ti ajá ju bẹ́ẹ̀ lọ, ó máa ń wà láàárín 38°C àti 39°C. Ṣùgbọ́n ara ọmọ ajá kéré, ooru rẹ̀ kì í pẹ́ jáde. Ẹ wo ọbẹ̀ inú àwo kékeré: ó máa ń tètè tutù ju ti inú ìkòkò ńlá lọ. Bí òtútù bá mú ọmọ ajá jù, á máa gbọ̀n, kò ní fẹ́ jẹun, ó sì lè kú.

Nítorí náà, ọ̀sán tí oòrùn ti yọ dáadáa ni a ń wẹ̀ ẹ́. Ní àsìkò ọyẹ́, òwúrọ̀ Kétu tutù jù fún un. Kí àgbàlagbà kan wà níbẹ̀. A ó fi ìgúnpá dán omi wò, bí àwọn ìyá ṣe ń ṣe fún ọmọ ọwọ́. A ó tẹ́ àkísà sí ìsàlẹ̀ ọpọ́n kí ẹsẹ̀ rẹ̀ má baà yọ̀. Kí omi má ju ikùn rẹ̀ lọ. Láti ọrùn ni a ti ń rọra bu omi sí i. Aṣọ tútù ni a fi ń nu ojú rẹ̀, kí omi má wọ etí.

Ọṣẹ díẹ̀ tó, kì í ṣe ọṣẹ ìfọṣọ. Kí a ṣàn án nù dáadáa, nítorí ajá á lá ara rẹ̀. Àwọn kan máa ń da epo àtùpà sí ajá lára nítorí eégbọn. Ìyẹn burú! Epo náà ń jó awọ rẹ̀, májèlé sì ni bí ó bá lá a. Dókítà ẹran ló mọ oògùn eégbọn.

Ìwẹ̀ tán, iṣẹ́ kù. Ọmọ ajá á gbọn ara, omi á ta sí gbogbo ènìyàn lára. Ẹ má nà án. Bẹ́ẹ̀ ni ajá ṣe ń gbẹ ara. Lẹ́yìn náà, ẹ fi aṣọ gbígbẹ nù ún: ikùn, abẹ́ etí, àárín ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ẹ má gbé e sún mọ́ iná. Ẹ tẹ́ aṣọ àlòkù sínú páálí níbi tí afẹ́fẹ́ kò ti fẹ́ sí i. Bí ìyá rẹ̀ bá wà nítòsí, ẹ gbé e fún un: kò sí aṣọ tó móoru tó ikùn ìyá. Bí ó bá ṣì ń gbọ̀n, kí ẹnì kan fi aṣọ wé e, kí ó gbé e mọ́ àyà.

Oorun á kì í. Kí ẹnikẹ́ni má gbé e lọ fi han ọ̀rẹ́. Ẹ jẹ́ kí ó sùn, kí ẹ sì lọ fi ọṣẹ fọ ọwọ́ yín.