Kí Ló Kún Inú Fóònù Akọ̀wé?



Nígbà tí mo lọ yẹ ìwé ẹgbẹ́ kan wò ní agbègbè Ayétẹ̀ níbí, mo béèrè àkọsílẹ̀ owó oṣù méjì. Òjò ti ba ìwé náà jẹ́. Akọ̀wé ní: “Ọ̀gá, mo ti ya fọ́tò rẹ̀ sínú fóònù, ṣùgbọ́n fóònù kún, mo sì pa wọ́n rẹ́ kí àyè lè wà.”

A jọ yẹ fóònù náà wò. Àyè tí fọ́tò wọ̀nyí gbà kò tó nǹkan. Géèmù bọ́ọ̀lù tí ọmọ rẹ̀ gbé síbẹ̀ nìkan gbà ju 2 GB lọ. Ọ̀kan tó jìn sí kòtò, ó kọ́ ará yòókù lọ́gbọ́n.

Àgbẹ̀ kì í kó gbogbo àgbàdo rẹ̀ sí ilé ìdáná. Ìwọ̀nba tí yóò sè ni ó ń wà nítòsí ààrò. Èyí tó pọ̀ wà nínú àká. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni géèmù ńlá. Áàpù fúnra rẹ̀ ni ilé ìdáná, òun ni ó ní àṣẹ tí fóònù ń tẹ̀lé. Àwòrán pápá, aṣọ àwọn agbábọ́ọ̀lù, ohùn àti orin, inú àká ni wọ́n wà.

Níbẹ̀rẹ̀, Google kò gbà kí áàpù inú ọjà rẹ̀ ju 50 MB lọ. Ní oṣù Kẹta ọdún 2012, ó gbà kí a fi ẹrù méjì kún un, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan lè tó 2 GB. Bí a bá fojú bù ú, 1,000 MB ni 1 GB. Ẹrù kìíní ni olórí. Èkejì wà fún àtúnṣe, kí a má baà tún gbogbo rẹ̀ gbà. OBB ni orúkọ irú ẹrù bẹ́ẹ̀. Láti oṣù Kẹjọ ọdún 2021, ọ̀nà mìíràn ni áàpù tuntun ń gbà: ẹrù ń wá ní ìdì-ìdì, òmíràn pẹ̀lú áàpù, òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn nígbà tí a bá nílò rẹ̀. Ìdí nìyí tí géèmù fi lè máa jẹ dátà lẹ́yìn tí a rò pé a ti gbà á tán.

Bí fóònù bá kún, ẹ má ṣe sáré pa fọ́tò rẹ́. Ẹ ṣí Settings, ẹ wọ Storage, kí ẹ wo iye tí áàpù kọ̀ọ̀kan gbà. Clear cache kò léwu, ṣùgbọ́n kì í kan àká. Clear data yàtọ̀: ó lè pa ibi tí ọmọ bá géèmù dé rẹ́, bí ó bá jẹ́ WhatsApp, ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ tí a kò ṣe àdàkọ rẹ̀ lè bá a lọ. Uninstall ni ó ń kó áàpù àti àká rẹ̀ lọ pọ̀.

Ẹrù géèmù tí a pa rẹ́ lónìí, a lè fi dátà gbà á padà lọ́la. Àkọsílẹ̀ owó ọmọ ẹgbẹ́ kò ní ọjà tí a ti ń gbà á padà. Ìwé ọwọ́ àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ni a fi tún àkọsílẹ̀ oṣù méjì náà kọ; àwọn mẹ́rin tí tiwọn ti sọnù ṣì ń béèrè owó wọn lọ́wọ́ akọ̀wé.

Nítorí náà, kí akọ̀wé kọ owó sínú ìwé, kí ó gbé ìwé síbi tí òjò kò dé, kí akápò sì ní àdàkọ tirẹ̀. Kí fóònù tí fọ́tò ìwé ẹgbẹ́ wà nínú rẹ̀ má sì jẹ́ ti géèmù.