Aláǹtakùn Onírù

Ní ìpínlẹ̀ Kachin, ní àríwá Myanmar, àwọn awakùsà ń wa ohun kan tó ń dán bí oyin jáde nínú ilẹ̀. Oje igi ni tẹ́lẹ̀. Ó kán sílẹ̀ ní nǹkan bí ọdún mílíọ̀nù 100 sẹ́yìn, ó gan, ó sì le bí òkúta. Kòkòrò tó bá ṣèèṣì bà lé e nígbà náà, ó há síbẹ̀ nìyẹn, tìrùngbọ̀n tẹsẹ̀.

Ọ̀kan nínú àwọn tó há kò tó ìdajì hóró ìrẹsì: mìlímítà 2.5 péré. Ẹsẹ̀ rẹ̀ pé mẹ́jọ, eyín ṣóńṣó wà lẹ́nu rẹ̀, àwọn ẹ̀yà bí ìka ọmọ ìkókó tí aláǹtakùn fi ń darí òwú náà wà nídìí rẹ̀. Aláǹtakùn ni, kí ló tún kù? Ìrù ló kù. Ó tẹ́ẹ́rẹ́ bíi pàṣán, ó tó mìlímítà 3, ó gùn ju ara tó gbé e lọ.

Ní oṣù Kejì ọdún 2018, ikọ̀ onímọ̀ méjì gbé e jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n sọ ọ́ ní Chimerarachne, nítorí Chimera inú ìtàn àwọn Gíríìkì, abàmì tó pa kìnnìún, ewúrẹ́ àti ejò pọ̀ sára kan. Ikọ̀ kan fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláǹtakùn gan-an; èkejì ní ẹbí àtijọ́ kan tó ti run ló ti wá.

Ẹbí tó ti run yẹn ní ìtàn tirẹ̀. Nínú òkúta Gilboa, ní ìpínlẹ̀ New York, wọ́n ti rí àfọ́kù awọ ara Attercopus, ọ̀kan lára ẹbí náà, tó ti wà láti bí ọdún mílíọ̀nù 380. Ihò òwú wà lára rẹ̀, ni wọ́n bá fi í joyè aláǹtakùn àkọ́kọ́ láyé. Paul Selden, onímọ̀ nípa ẹ̀dá àtijọ́, wà lára àwọn tó fi í joyè. Òun kan náà ló tún wà lára àwọn tó gba oyè ọ̀hún padà ní 2008. Ihò òwú wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n abẹ́ ikùn ló tò sí, kò sí ìka kankan nídìí. Ó sì nírù! Bóyá ẹyin ló ń fi òwú wé, bóyá ihò tó ń gbé ló ń fi tẹ́. Àwọ̀n tó ń mú eṣinṣin kọjá agbára rẹ̀.

Òwú ló kọ́kọ́ dé, lẹ́yìn náà ni ìka tó ń darí rẹ̀. Ẹ̀yìn ìyẹn ni àwọn aláǹtakùn ju ìrù nù.

Kì í ṣe pé Chimerarachne jẹ́ baba ńlá èyí tí à ń fi ìgbálẹ̀ gbá kúrò ní kọ̀rọ̀ àjà. Aláǹtakùn tòótọ́, tí kò nírù, ti wà láyé láti bí ọdún mílíọ̀nù 300. Ìbátan tó pẹ́ kó tó kú ni onírù yìí, tó ń fi pàṣán ẹ̀yìn rẹ̀ tọ́ ilẹ̀ wò, gẹ́gẹ́ bí àwọn onímọ̀ ṣe rò ó, nínú igbó tí àwọn tí kò nírù ti ń ta òwú tiwọn lókè orí rẹ̀.