Ẹfun Kọ́ Ni Ó Wà Lórí Ogbe Àkùkọ Yẹn, Làpálàpá Ni

Ẹ̀yin tí ń sin adìẹ, ẹ jọ̀wọ́, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ mi wà lọ́sẹ̀ yìí. Gbogbo wa ni a mọ̀ pé ogbe ni a fi ń mọ àlàáfíà àkùkọ. Bí ó bá pọ́n dẹ̀dẹ̀, tí ó dúró ṣánṣán, ara le nìyẹn. Ṣùgbọ́n bí funfun bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lórí rẹ̀ bí ẹni pé wọ́n bu ẹfun wọ́n ọn, ọ̀pọ̀ nínú wa kì í dúró béèrè ohun tí ó fà á: ọ̀bẹ ni a ń pọ́n. Èyí kò tọ́, nítorí pé àìsàn náà ní ìwòsàn.

Ní ilé mi ní Bódìjà, n'Ìbàdàn, ọmọ mi obìnrin, ẹni ọdún 9, ní àkùkọ kan tí ó sọ ní Agogo, nítorí pé òun ni ó ń jí wa lọ sí ilé-ìwé. Láti kékeré ni ọmọ yìí ti ń gbé e mọ́ àyà. Nígbà tí funfun tàn dé ìdajì ogbe rẹ̀, ìmọ̀ràn dé lọ́tùn-ún lósì. Ìyá àgbà kan ládùúgbò ní, "Tíṣà, ẹ tètè pa á kí ó tó kú mọ́ yín lọ́wọ́." Ẹnì kan ní kí n fi omi bátìrì ọkọ̀ ra á lórí. Ẹlòmíràn ní kẹrosíìnì ni kí n lò. Ọmọ náà kò jẹun alẹ́ lọ́jọ́ náà.

N kò gba ọ̀kankan nínú wọn. Mo gbé àkùkọ náà sínú apẹ̀rẹ̀, ó di ilé ìwòsàn àwọn ẹran ní Yunifásítì Ìbàdàn, tí kò jìnnà sí wa. Dókítà ha èépá díẹ̀ kúrò lórí ogbe náà, ó kán oògùn sí i, ó sì fi ẹ̀rọ tí ń sọ ohun kékeré di ńlá wò ó. Ó ní, "Tíṣà, làpálàpá ni."

Ìbátan olú ni ohun tí ń fa làpálàpá sórí àwọn ọmọ ilé-ìwé wa. Irú rẹ̀ mìíràn ni ó ń mú ogbe adìẹ. Favus ni àwọn onímọ̀ ń pè é, èyí tí í ṣe afárá oyin ní èdè Látìn, nítorí bí èépá rẹ̀ ti máa ń rí lórí ènìyàn. Ní ọdún 1839, dókítà ará Jámánì kan, Johann Schönlein, rí i pé ohun tí ń hù bí olú ni ó ń fa èyí tí ń ṣe ènìyàn. Ó wà lára àwọn àìsàn tí a kọ́kọ́ rí ohun tín-tìn-tín tí ń fà á.

Ẹ má ṣe ṣì í mú fún ìgbóná adìẹ o. Ti ìgbóná a máa wú kókó-kókó, èépá rẹ̀ a sì dúdú. Ẹ̀fọn a máa tàn án kálẹ̀, abẹ́rẹ́ àjẹsára ni a sì fi ń dènà rẹ̀. Làpálàpá ní tirẹ̀ a máa gbẹ, a funfun bí ìyẹ̀fun, a sì máa fẹ̀ sí i díẹ̀díẹ̀. Bí ó bá burú, ó lè dé ọrùn, kí ìyẹ́ ibẹ̀ sì máa re.

Báyìí ni a ṣe tọ́jú Agogo. A yà á sọ́tọ̀. A ń wọ ìbọ̀wọ́ kí a tó fọwọ́ kàn án, nítorí pé ó lè ran ènìyàn, bí kò tilẹ̀ wọ́pọ̀. Ọmọ mi sì ní láti dẹ́kun gbígbé e mọ́ àyà títí yóò fi san. A fi ọṣẹ tí kò le àti omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ rẹ èépá náà, a kò fi agbára ṣí i. Nígbà tí ó gbẹ, a fi ìpara clotrimazole pa á fẹ́ẹ́rẹ́, láàárọ̀ àti lálẹ́, a sì ṣọ́ ojú rẹ̀. Ìpara aládàlú tí wọ́n fi ń bóra kọ́ o! Oògùn tí ń dín wíwú kù tí ó wà nínú irú ìyẹn lè bo àìsàn náà mọ́lẹ̀, kí ó sì máa tàn lábẹ́nú. Omi bátìrì àti kẹrosíìnì ńkọ́? Wọn a bó awọ, wọn a sì ba ojú jẹ́. Ojú egbò tí wọ́n bá dá sílẹ̀ ni àìsàn mìíràn yóò gbà wọlé.

Lọ́sẹ̀ kejì, funfun náà ti lọ. Dókítà ní a kò gbọdọ̀ dáwọ́ dúró, a sì lo oògùn náà pé ọ̀sẹ̀ 4, nítorí pé ohun tí ojú kò rí mọ́ lè ṣẹ́kù sínú awọ. A kó gbogbo ohun tí a tẹ́ sílẹ̀ nínú ilé adìẹ náà sun, a fọ igi tí ó ń bà lé, a sì ṣí ilé náà sí oòrùn àti afẹ́fẹ́, nítorí pé ibi ọ̀rinrin ni làpálàpá fẹ́.

Ẹ̀yin náà, bí ẹ bá rí funfun lórí ogbe, ẹ yẹ àwọn adìẹ yòókù wò, kí ẹ sì pe dókítà ẹran. Ẹ má ṣe jẹ ẹran adìẹ tí ó wà lórí oògùn, ẹ má sì ta ẹyin rẹ̀, láìbéèrè lọ́wọ́ dókítà. Bí làpálàpá bá mú ọmọ wa, oògùn ni a ń wá kiri. Èwo wá ni ti ọ̀bẹ nínú ọ̀rọ̀ àkùkọ?