Oúnjẹ àti Eré Ìdárayá: Èwo Ni Kí Ó Ṣáájú?

Àwọn baba wa ní Ìbà, Ìkìrun, Inísà àti Òkukù kò nílò ẹni tí yóò gbà wọ́n níyànjú lórí eré ìdárayá. Ìrìn oko àti ọkọ́ ríro tó wọn. Ṣùgbọ́n lónìí, ọ̀pọ̀ nínú wa, àti àlùfáà àti ọmọ ìjọ, ni ó ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́, tí a sì ń gun ọ̀kadà dé ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. Nítorí náà, ó yẹ kí a mọ ìgbà tí ó dára láti ṣe eré ìdárayá, bóyá kí a tó jẹun ni tàbí lẹ́yìn tí a bá jẹun tán.

Bí a bá ti jẹun, ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ a máa lọ sí ikùn àti ìfun kí oúnjẹ lè dà. Bí a bá sáré ní àkókò yìí, iṣan ẹsẹ̀ náà yóò máa bèèrè ẹ̀jẹ̀ tirẹ̀. Ìdí nìyí tí inú fi ń run ni tí èébì sì ń gbé ni. Lẹ́yìn iyán tàbí àmàlà, ẹ jẹ́ kí wákàtí 2 sí 3 kọjá kí ẹ tó ṣe eré tí ó le.

Ìrìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ yàtọ̀ sí èyí. Ní ọdún 2016, àwọn olùwádìí Yunifásítì Otago ní New Zealand tẹ ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 41 tí ó ní àtọ̀gbẹ, èyí tí a tún ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 lẹ́yìn oúnjẹ kọ̀ọ̀kan dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wọn kù ju ìrìn ìṣẹ́jú 30 lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ lọ, pàápàá lẹ́yìn oúnjẹ alẹ́. Iṣan tí ó ń ṣiṣẹ́ ni ó ń lo ṣúgà náà. Nítorí náà, bí a bá jẹ iyán ọjọ́ Ìsinmi tán, kí a rìn yí ọgbà ká kí a tó sùn.

Ẹni tí ara rẹ̀ le lè rìn ní ìdájí láìtíì jẹun. Oòrùn kò tíì mú nígbà náà. Kí ó sáà mu omi. Ṣùgbọ́n ewu ń bẹ fún ẹni tí ó ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì tàbí tí ó ń lo àwọn oògùn àtọ̀gbẹ kan. Bí ó bá ṣe eré ìdárayá láìjẹun, ṣúgà ara rẹ̀ lè lọ sílẹ̀ jù: yóò làágùn, yóò gbọ̀n, òòyì yóò kọ́ ọ, ó sì lè dákú. Kí ó tètè mu omi ṣúgà, kí ó sì jókòó. Bí ó bá dákú, ẹ má ṣe fi ohunkóhun sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn kíákíá.

Ìgbà ààwẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí wúwo jù. Kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ rí dókítà rẹ̀ kí ó tó gbààwẹ̀. Ẹ̀yin àlùfáà, ẹ kéde rẹ̀ láti orí àga ìwàásù. Kì í ṣe àìnígbàgbọ́. Nígbà tí ó rẹ Èlíjà lábẹ́ igi, áńgẹ́lì mú kí ó jẹun lẹ́ẹ̀mejì kí ó tó rin ìrìn àjò rẹ̀ dé Hórébù.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà ṣe eré ìdárayá fún ìṣẹ́jú 150, ó kéré tán, lọ́sẹ̀. Ìṣẹ́jú 30 fún ọjọ́ 5 ti pé e. Àkókò tí ó dára jù ni èyí tí olúkúlùkù lè dúró tì. Kí Olúwa fún wa ní ìlera láti sìn ín. Àmín.