Ṣé o mọ̀? Kàlẹ́ńdà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò

Lórí kàlẹ́ńdà íntánẹ́ẹ̀tì tí ọ̀pọ̀ ènìyàn jọ ń lò, irú Google Calendar tó jáde ní 2006, àwọ̀ ni wọ́n fi ń mọ ẹni tó ni ìpàdé kọ̀ọ̀kan. Àwọ̀ nìkan kò tó ṣá: ojú àwọn kan, ọkùnrin ló pọ̀ jù nínú wọn, kì í mọ ìyàtọ̀ pupa àti àwọ̀ ewé. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ orúkọ mọ́ ọn.

Ẹni tó ni kàlẹ́ńdà tún lè jẹ́ kí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rí i pé ọwọ́ òun dí láago méjì, láìsọ pé ọ̀dọ̀ dókítà lòun ń lọ.

Aago ìlú sí ìlú ló ń fa wàhálà jù. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, aago kan náà ni London àti Èkó ń lò. Nígbà òtútù, London á fi wákàtí kan rẹ̀yìn. Ìpàdé ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ tí wọ́n fi sí aago 9 London á di aago 10 l'Ékòó láti ìparí oṣù Ọ̀wàrà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí orúkọ ìlú hàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.